Iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílùú kékeré lókè òkun: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i

Lẹ́tà iṣẹ́ náà kì í sábà gùn. Iléèwé kan ń bẹ ní ìlú kan tẹ́ ẹ ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ní Thailand tàbí ní Ṣáínà. Wọ́n ń wá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Owó oṣù rèé, ilé wà, iléèwé ló máa bójú tó físà. Olùkọ́ tó wà ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, tí owó oṣù rẹ̀ kì í rí ọ̀sẹ̀ kẹta, á ti sọ iye náà di náírà kó tó ka ìlà kejì. Kò burú. Àmọ́ ìlà tó yẹ kó kọ́kọ́ wá ni èyí tó sọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń parí.

Ìdí ni pé ní ìlú ńlá bíi Bangkok tàbí Shanghai, bí ọ̀gá iléèwé bá le koko, iléèwé mìíràn wà ládùúgbò kejì. Ní ìlú kékeré, iléèwé kan náà ló ni iṣẹ́ yín, òun ló ni ilé tẹ́ ẹ̀ ń gbé, orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé tó jẹ́ kẹ́ ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti dúró sí orílẹ̀-èdè náà. Bí okùn kan bá já, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló já lọ́jọ́ kan náà. Owó oṣù ń sọ bí ìgbésí ayé yín á ṣe rí bí ohun gbogbo bá lọ déédéé. Ọ̀nà àbájáde ló ń sọ bó ṣe máa rí bí kò bá lọ déédéé. Èmi á fi ọ̀nà àbájáde wọn iṣẹ́ náà kí n tó fi owó wọ̀n ọ́n.

Kì í ṣe pé ìlú kékeré kò dáa o. Ilé kì í wọ́n níbẹ̀, ìgboro kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni, àwọn òyìnbó tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kì í sì fẹ́ lọ síbẹ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ibẹ̀ ni olùkọ́ tó ní pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ti sábà máa ń rí ààyè. Ààyè yẹn gan-an ló yẹ ká yẹ̀ wò dáadáa.

Ṣé òfin ilẹ̀ yẹn gbà yín?

Kí ẹ tó bèèrè owó, ẹ bèèrè èyí. Kòríà ló rọrùn jù láti dáhùn: físà E-2, èyí tí wọ́n ń fún olùkọ́ èdè níbẹ̀, orílẹ̀-èdè méje ni wọ́n là sílẹ̀ fún láti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà, Ireland, Australia, New Zealand àti South Africa. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ẹ́jẹ́ǹtì tó bá ní òun á fi E-2 gbé yín lọ ìlú kékeré kan ní Kòríà, ẹ má fi dátà ṣòfò lórí rẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ń kọ́? Lóòótọ́ ni wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn fún olùkọ́ Nàìjíríà ní February 2023 láti béèrè ìwé àṣẹ olùkọ́ England, QTS. Ṣùgbọ́n ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn èdè ilẹ̀ mìíràn ni wọ́n ṣí i fún láti ọ̀dọ̀ tiwa, fún olùkọ́ àwọn ọmọ ọdún 11 sí 16. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò sí lára wọn. Àwọn olùkọ́ físíìsì ní Ìlọrin ni kó máa ka ìyẹn.

Ti Ṣáínà ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Òfin wọn ni pé kí olùkọ́ èdè máa kọ́ èdè abínibí rẹ̀, kó ní dìgírì, kó sì ti kọ́ni fún ọdún 2, àyàfi tó bá ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tàbí sàtífíkéètì TEFL, ìyẹn ti kíkọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí kì í ṣe èdè wọn, tó lè dípò ọdún 2 náà. Àwa mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìjọba nílé wa. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ ní Ṣáínà kò gba àlàyé yẹn. Orílẹ̀-èdè méje tí mo kà lókè yẹn náà ni wọ́n ń wò. Ẹni tó gba dìgírì ní ọ̀kan nínú wọn lè rí ọ̀nà. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì lédè Gẹ̀ẹ́sì, òfin èdè abínibí yẹn kò dè é. Ṣùgbọ́n ẹni tó ka Gẹ̀ẹ́sì ní Unilorin, tó fẹ́ lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú kékeré kan ní Ṣáínà, kó mú un mọ́ra pé ó ṣeé ṣe kí ìwé rẹ̀ má gba ibẹ̀ kọjá.

Ibi tí wàhálà ti ń wọlé ni pé iléèwé mọ èyí, ó sì tún fẹ́ olùkọ́. Á wá ní: «Ẹ fi físà oníṣòwò wá ná, a máa yí i padà tẹ́ ẹ bá dé.» Físà oníṣòwò ni M, ti arìnrìn-àjò ni L, ti akẹ́kọ̀ọ́ ni X, kò sí èyí tó gbà yín láyè láti kọ́ni gba owó nínú wọn. Z nìkan ni físà iṣẹ́, kí wọ́n sì tó fún yín ní Z, iléèwé gbọ́dọ̀ ti gba ìwé ìfitónilétí àṣẹ iṣẹ́ lórúkọ yín, kó sì fi ránṣẹ́ sí yín nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà nílé. Ẹni tí wọ́n bá mú tó ń ṣiṣẹ́ láìní ìwé, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2013 ní kó san ìtanràn 5,000 sí 20,000 yuan. Tọ́rọ̀ náà bá wúwo, wọ́n lè tì í mọ́lé fún ọjọ́ 5 sí 15, kí wọ́n tó dá a padà. Iléèwé náà á san tirẹ̀, lóòótọ́. Àmọ́ iléèwé kò ní lọ síbì kankan.

Kódà pẹ̀lú Z, àdírẹ́sì wà lórí ìwé. Bí iléèwé bá fi yín yá jẹ́lé-ó-sinmi kan ní ìlú kejì ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, iṣẹ́ tí ìwé yín kò mọ̀ nìyẹn. Ìlú kékeré fẹ́ràn èyí, torí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan ni gbogbo àgbègbè ń pín. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn ní tààrà: «Ibo ni mo ti máa kọ́ni, lójoojúmọ́?»

Thailand ló ṣí sílẹ̀ jù fún wa nínú gbogbo ìwọ̀nyí. Wọ́n lè gba ọmọ Nàìjíríà láti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n nítorí pé a kò sí lára àwọn tí wọ́n ń pè ní elédè abínibí, wọ́n á béèrè èsì ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì: TOEIC tó tó 600, tàbí IELTS. Ọdún 2 péré ni èsì náà ń lò. Iléèwé ló máa kọ́kọ́ kó ìwé jọ, tó fi mọ́ ìwé láti ọ̀dọ̀ aláṣẹ ẹ̀kọ́ wọn. Ìyẹn lẹ máa fi béèrè físà Non-Immigrant B. Láti January 2025, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń béèrè fún un, ẹ́ńbásì wọn ní Abuja ló ń bójú tó tiwa. Físà yẹn á fún yín ní ọjọ́ 90. Kí ọjọ́ 90 tó pé, iléèwé gbọ́dọ̀ ti gba ìwé àṣẹ iṣẹ́, kí Khurusapha, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ olùkọ́ lọ́hùn-ún, sì ti fún iléèwé ní àyè láti lo olùkọ́ tí kò tíì ní láísẹ́ǹsì wọn. Ìgbà náà ni Immigration á tó fi ọjọ́ yín kún dé ọdún kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 90 kọ̀ọ̀kan, ẹ máa lọ fi ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbé tó wọn létí.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ọjọ́ 90 àkọ́kọ́ yẹn. Iléèwé tí kò gba àjèjì rí kò mọ ìwé tó yẹ kó kó jọ. Á máa sọ «ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀», ọjọ́ á fi pé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní kẹ́ ẹ sáré lọ Laos kẹ́ ẹ gba físà mìíràn, lórí owó yín. Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi wọ́n ni: àjèjì mélòó lẹ ti gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ fún lọ́dún méjì sẹ́yìn? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni àkọ́kọ́, kò túmọ̀ sí pé kẹ́ ẹ kọ̀ ọ́, ó kàn túmọ̀ sí pé ẹ nílò owó tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ lọ́wọ́ tẹ́ ẹ ò ní fọwọ́ kàn.

Nǹkan méjì tún wà ní Thailand tí àwọn èèyàn ń tètè gbàgbé. Bẹ́ ẹ bá jáde kúrò nílùú wọn láìgba ìwé ìtúnwọlé, ọjọ́ tẹ́ ẹ ní lórí pásípọ́ọ̀tù ti parí nìyẹn, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. 1,000 baht ni ti ẹ̀ẹ̀kan, 3,800 ni ti ẹ̀ẹ̀mélòó tó wù yín. Èkejì, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí ni ẹ̀tọ́ yín láti dúró ń parí. Kì í ṣe ìparí oṣù o, ọjọ́ yẹn gan-an. Ẹni tó bá dúró kọjá á máa san 500 baht lójúmọ́, títí dé 20,000. Nítorí náà, bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀, ẹ má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sán kan ṣoṣo tí inú ń bí yín. Ẹ ti bá iléèwé mìíràn sọ̀rọ̀, kí ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí ọjọ́, kẹ́ ẹ tó fi lẹ́tà sílẹ̀.

Ní Ṣáínà, ohun tó dàbí èyí ni lẹ́tà ìtúsílẹ̀ àti ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti fagi lé àṣẹ iṣẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Láìsí wọn, iléèwé tuntun kò lè gbà yín. Ọ̀gá tí kò fẹ́ kẹ́ ẹ lọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ rí i dájú pé ìwé àdéhùn kọ iye ọjọ́ tó ní láti fi wọ́n lé yín lọ́wọ́.

Owó, lẹ́yìn tí òfin bá ti gbà

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe ìṣirò, kí ẹ fi iye tiyín dípò rẹ̀. Ká ní iléèwé kan ní ìlà-oòrùn àríwá Thailand fẹ́ máa san 25,000 baht lóṣù. Ilé gba 4,500, oúnjẹ 6,000, iná àti omi 1,500, ọ̀kadà àti epo rẹ̀ 1,500, fóònù 500. Àpapọ̀ 14,000. Ó ku 11,000, ojú á sì mọ́lẹ̀.

Ẹ wá wo iye oṣù tó wà nínú àdéhùn. Sáà ẹ̀kọ́ Thailand bẹ̀rẹ̀ ní àárín May, ó ń parí ní nǹkan bí March, ọ̀pọ̀ iléèwé, pàápàá èyí tó gba ọwọ́ ẹ́jẹ́ǹtì lọ, ń fúnni ní àdéhùn oṣù 10. Oṣù 10 lọ́nà 11,000 jẹ́ 110,000. Oṣù 2 tí wọn kò san owó, ẹ ṣì máa jẹun, ẹ ṣì máa san owó ilé: 28,000 lọ. Ó ku 82,000. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì lílọ àti bíbọ̀, físà, ìwé àti àyẹ̀wò ara gba 45,000. Ó ku 37,000, tó jẹ́ bí 3,000 lóṣù. Ká ní oṣù 12 ni àdéhùn náà, 132,000 ni ì bá jẹ́, ẹ yọ 45,000 kúrò, 87,000 ló kù. Owó oṣù kan náà, ilé kan náà, oúnjẹ kan náà; ìlà kan nínú àdéhùn ló sọ 87,000 di 37,000. Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé owó oṣù kọ́ ni nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí ojú yẹ kó wá.

Ẹ tún bèèrè ẹni tó ń sanwó fún yín, bóyá iléèwé ni àbí ẹ́jẹ́ǹtì. Tó bá jẹ́ ẹ́jẹ́ǹtì ni iléèwé ń sanwó fún, tí ẹ́jẹ́ǹtì sì ń yọ tirẹ̀ kó tó san tiyín, ọ̀gá méjì lẹ ní, kò sì sí èyí tó máa dáhùn nínú wọn tí owó bá pẹ́. Owó oṣù àkọ́kọ́ kì í dé ṣáájú ìparí oṣù, onílé sì máa gba owó ìdúró kún owó ilé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wọlé. Owó tó máa gbé yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kẹ́ ẹ mú dání, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ́jẹ́ǹtì ń sọ.

Tíkẹ́ẹ̀tì «ọ̀fẹ́» náà, ẹ wo ìgbà tí wọ́n ń san án padà. Ọ̀pọ̀ jẹ́ pé ìparí àdéhùn ni, tó túmọ̀ sí pé ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ àdéhùn ti fi owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ta iléèwé lọ́rẹ. Fífi owó ránṣẹ́ sílé láti Ṣáínà nílò ẹ̀rí pé iléèwé ti yọ owó orí yín. Iléèwé tó ń sanwó lọ́wọ́ láìsí ìwé ti dí ọ̀nà báńkì pa.

Ìlú náà fúnra rẹ̀

Ẹ wo ìlú náà lórí máàpù, kí ẹ sì wo jíjìnnà rẹ̀ sí ibi tí ẹ́ńbásì Nàìjíríà wà. Ní Thailand, Bangkok ni. Láti Nakhon Phanom létí odò Mekong sí Bangkok lé ní 700 kìlómítà. Ní Ṣáínà, Beijing ni ẹ́ńbásì wà, ilé iṣẹ́ kọ́ńsúlù wà ní Guangzhou. Nítorí náà, kí pásípọ́ọ̀tù yín ní ọdún tó pọ̀ nínú kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Ìgbà òtútù ní Ṣáínà kì í ṣe bí àwọn èèyàn ṣe ń rò ó. Àríwá ló tutù jù níta, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìjọba ti ń fi ooru sí ilé, ní Beijing láti àárín November dé àárín March. Ìsàlẹ̀ odò Huai àti òkè Qinling kò ní ooru yẹn. Ní ìlú kékeré kan ní Hunan tàbí Jiangxi, inú kíláàsì lè tutù bí ìta, àwọn ọmọ á wọ kóòtù jókòó, ọwọ́ olùkọ́ á sì máa gbọ̀n lórí pátákó. Ọyẹ́ Ìlọrin kò múra ẹnikẹ́ni sílẹ̀ fún èyí. Ẹ bèèrè bóyá ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru wà nínú yàrá àti kíláàsì, kí ẹ sì bèèrè ẹni tó ń san owó iná rẹ̀. Àríwá Thailand ní tirẹ̀ kò ní òtútù bẹ́ẹ̀, èéfín ni: láti February dé April ni wọ́n ń sun oko àti igbó ní agbègbè Chiang Rai àti Nan, ẹni tó ní ikọ́ efee kò gbọ́dọ̀ fi èyí ṣeré.

Fún ẹni tó jẹ́ Mùsùlùmí, èyí tó pọ̀ láàárín àwa ará Ìlọrin, oúnjẹ àti Jímọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ìlà-oòrùn àríwá Thailand, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ máa ń wọ inú ohun púpọ̀, títí kan ọbẹ̀ tó dà bí ẹ̀fọ́ lásán. Ṣáínà rọrùn ju bó ṣe dà bí ẹni pé ó máa le lọ: ìlú tó pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù núdù Lanzhou, àwọn Mùsùlùmí Hui àti Salar ló sábà ń ni ín, ẹ máa rí àmì 清真 lójú ilẹ̀kùn, òun ni wọ́n ń kọ fún hàláálì. Ẹnì kan lè wá ní òun á kúkú lọ sí Pattani, Yala tàbí Narathiwat ní gúúsù Thailand, níbi tí Mùsùlùmí ti pọ̀ jù. Oúnjẹ á bá a lára mu, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti 2004 ni ìjà àwọn ajìjàgbara ti wà níbẹ̀, wọ́n sì ti pa olùkọ́. Owó tí wọ́n bá fi kún owó oṣù níbẹ̀ ní ìdí.

Gàrí? Thailand wà lára àwọn tó ń ta ohun tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe sókè òkun jù láyé, síbẹ̀ ẹ ò ní rí ẹni tó ń yan gàrí níbẹ̀. Ìrẹsì àti ata ni ẹ ó fi ṣe é.

Ọ̀rọ̀ fóònù: WhatsApp, Facebook àti Google kì í ṣiṣẹ́ ní Ṣáínà láìsí VPN. Ẹ kọ́ àwọn ará ilé ní WeChat, èyí tí àwọn ará Ṣáínà fi ń ṣe iṣẹ́ WhatsApp, kẹ́ ẹ tó lọ, torí ìyá tó wà ní Ìgbàjà tó pe ọmọ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan láìgbóhùn rẹ̀ kò ní gbọ́ àlàyé kankan.

Kò sí bọ́ọ̀sì púpọ̀ nílùú kékeré Thailand, ọ̀kadà ni gbogbo ayé ń gùn. Ẹ gba láísẹ́ǹsì ọ̀kadà níbẹ̀. Bí ẹni tí kò ní in bá ní jàǹbá, iléeṣẹ́ abánigbófò á sọ pé òun kò san, owó ọsibítù á sì bọ́ sí i lọ́rùn.

Ká tún sọ ọ̀rọ̀ àwọ̀. Wọ́n á béèrè fọ́tò, ìdí tí wọ́n fi ń béèrè kò sì ṣókùnkùn. Iléèwé mìíràn á ní àwọn gbà yín, àmọ́ kẹ́ ẹ máa sọ fún àwọn òbí pé ọmọ Amẹ́ríkà ni yín. Ẹ má gbà. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ kọ Nàìjíríà, ìlú kékeré kì í sì í pa àṣírí mọ́. Ọjọ́ tí òbí kan bá mọ̀, iléèwé á sọ pé ẹ̀yin lẹ tan àwọn.

Ìwé láti Ìlọrin dé Abuja

Nàìjíríà kò sí nínú àdéhùn Apostille, èyí tó ń jẹ́ kí òǹtẹ̀ kan ṣoṣo tó fún ìwé tó ń lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Nígbà tí Ṣáínà wọ̀ ọ́ ní November 2023, wàhálà àwọn ará South Africa dínkù, tiwa wà bó ṣe wà. Sàtífíkéètì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọjá lọ́wọ́ Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Abuja, kó lọ sí Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè, kó tó dé ẹ́ńbásì orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Ẹni tó bá fò ọ̀kan, wọ́n á dá a padà láti èkejì.

Ohun tó ń dá àwọn ará wa dúró jù ni orúkọ. Abdulrasheed lórí WAEC, Abdul-Rasheed lórí dìgírì, Rasheed nìkan lórí NIN. Lójú tiwa ẹnì kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà Immigration, ẹni mẹ́ta ni. Obìnrin tó lo orúkọ bàbá rẹ̀ gba dìgírì, tó sì fi orúkọ ọkọ gba pásípọ́ọ̀tù, máa nílò ìwé ìgbéyàwó kóòtù. Ẹ tún orúkọ ṣe ṣáájú ohun gbogbo: ìwé ìbúra láti kóòtù, ìkéde nínú ìwé ìròyìn, àtúnṣe NIN, ẹ̀yìn ìyẹn ni pásípọ́ọ̀tù. Ọ́fíìsì pásípọ́ọ̀tù wà ní Ìlọrin. Láti September 2025, ₦100,000 ni ti ojú-ìwé 32 ọlọ́dún 5, ₦200,000 ni ti ojú-ìwé 64 ọlọ́dún 10. Ẹ gba ti ọdún 10. Ìdí ti wà lókè: ẹ́ńbásì jìnnà.

Bẹ́ ẹ bá ti fi ọ̀rá bo sàtífíkéètì yín, ẹ má retí kí òǹtẹ̀ mú lórí rẹ̀. NCE kì í ṣe dìgírì lójú wọn, HND náà sì sábà máa ń ní wàhálà. Ẹni tó kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́, tí kò tíì lọ fásitì, kò tíì ṣetán. Ìwé ìwà láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìgbẹ̀yìn, torí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ kò fẹ́ èyí tó ti lé ní oṣù 6. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbà á, tó wá ń dúró de transcript, á gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Transcript ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Bẹ́ ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ ní TRCN, ẹ gba lẹ́tà ìdúróṣinṣin níṣẹ́ lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú.

Ní ti TEFL, wákàtí 120 ni wọ́n ń béèrè. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì tó rọjú á tẹ́ físà lọ́rùn, kò ní kọ́ yín bí a ṣe ń dúró níwájú ọmọ 45 tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. CELTA, sàtífíkéètì ìkọ́ni Gẹ̀ẹ́sì ti Cambridge, wọ́n, ṣùgbọ́n wákàtí 6 ni ẹ ó fi kọ́ni lójú olùdánwò. Ẹni tó ti ń fi wàláà KwaraLEARN, ètò ẹ̀kọ́ ìjọba Kwara, kọ́ni, tí ohun tó máa sọ wà lójú gíláàsì, kó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ iléèwé ìlú kékeré lọ́hùn-ún kò ní ètò ẹ̀kọ́ kankan fún Gẹ̀ẹ́sì sísọ. Òun ni wọ́n á retí kó gbé e wá.

Ẹ yẹ iléèwé náà wò bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ yín wò

Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà olùkọ́ àjèjì tó wà níbẹ̀ báyìí, àti ti ẹni tó kúrò gbẹ̀yìn. Ẹni tó kúrò ló ṣe pàtàkì jù. Bi í pé: ṣé owó wọlé lọ́jọ́ tó yẹ? Wákàtí mélòó lẹ kọ́ ní tòótọ́? Kí ló mú yín lọ, ṣé wọ́n sì fún yín ní ìwé yín? Iléèwé tó kọ̀ láti fún yín ní nọ́ńbà ti dáhùn. Ní Ṣáínà, iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 18 lápapọ̀, tẹ́ ẹ lè fi wá a lórí ojú òpó ìjọba. Orúkọ tó bá jáde gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé àdéhùn mu.

Nínú àdéhùn, ẹ ya wákàtí ìkọ́ni sọ́tọ̀ kúrò lára wákàtí tẹ́ ẹ máa fi jókòó sí ọgbà. «Wákàtí 20» lè túmọ̀ sí 20 níwájú ọmọ, pẹ̀lú 20 mìíràn lórí àga, pẹ̀lú ọjọ́ Sátidé fún ètò ìpolówó iléèwé. Ẹ wo ìtanràn fún ẹni tó bá kúrò ṣáájú. Ẹ wo ọjọ́ mélòó tẹ́ ẹ ní láti kó kúrò nínú ilé wọn. Bí àdéhùn bá wà ní èdè méjì, ẹ wá èyí tó borí tí wọ́n bá yàtọ̀. Tó bá jẹ́ ti Ṣáínà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ èdè náà kà á kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Pásípọ́ọ̀tù kì í gbé ọwọ́ ọ̀gá, àyàfi fún ọjọ́ tí wọ́n fi ṣe ìwé, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí pé ó wà lọ́wọ́ wọn.

Ní ilé, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní ẹni tó ń kó èèyàn lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì láti Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́. Ẹ ní kí ẹ́jẹ́ǹtì tó ní ọ́fíìsì ní Tanke tàbí ní Taiwo, ní Ìlọrin, gbé tirẹ̀ síta. Ẹni tó bá ń gba owó kí «ààyè má bàa lọ», ẹ jẹ́ kí ààyè náà lọ. Èyí tó burú jù sì ń ṣẹlẹ̀: wọ́n á fi iṣẹ́ tó dára fa èèyàn wá sí Bangkok, ọkọ̀ á gbé e gba ọ̀nà Mae Sot, wọ́n á sọdá odò sí Myawaddy ní Myanmar, ọgbà àwọn oníjìbìtì ló máa já sí. Ọmọ Áfíríkà wà lára àwọn tí wọ́n kó jáde níbẹ̀. Bí ìlú tó wà lórí àdéhùn bá jẹ́ Surin, tí awakọ̀ sì doríkọ ìwọ̀-oòrùn, ẹ sọ̀kalẹ̀ níbi tí èèyàn pọ̀ sí.

Ẹni tí gbogbo èyí rẹ̀, tó sì ṣì fẹ́ lọ kọ́ni níta, kó wo Technical Aid Corps. Ìjọba àpapọ̀ dá a sílẹ̀ ní 1987, ó ń rán olùkọ́ àti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ mìíràn lọ sí ilẹ̀ Áfíríkà, Caribbean àti Pacific fún ọdún 2. Owó rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó fẹ́ kọ́lé, ṣùgbọ́n ìjọba méjì ló dúró lẹ́yìn ìwé yín.

Fún ẹni tó wà lábẹ́ TESCOM tàbí SUBEB, ẹ má kàn pòórá. Ẹ kọ̀wé béèrè ìyọ̀ǹda láti kúrò níṣẹ́ fún àkókò kan láìgba owó, kí ẹ dúró gba ìdáhùn lórí ìwé. Ẹni tó sá lọ, ẹjọ́ pípa iṣẹ́ tì ló ń dúró dè é, ọdún tó ti lò lè wọmi, lẹ́tà ìrírí iṣẹ́ tí iléèwé òkè òkun máa béèrè kò sì ní í rí gbà. Ẹ gba lẹ́tà ìrírí yẹn lórí ìwé olórí iléèwé, kó ní ọjọ́ tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, kíláàsì tẹ́ ẹ kọ́ àti nọ́ńbà tí wọ́n lè pè, kẹ́ ẹ tó san owó tíkẹ́ẹ̀tì.